Hugo Gernsback: Ẹni tó fi rédíò lé àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà lọ́wọ́

Nígbà tí rédíò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ayé, àwọn ọmọ ogun ojú omi, àwọn ọlọ́kọ̀ òkun àti àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ló ń lò ó. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ náà kò kan mẹ̀kúnnù. Hugo Gernsback ni kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìlú Luxembourg ni wọ́n bí i sí lọ́jọ́ 16, oṣù kẹjọ, ọdún 1884, nínú ìdílé Júù kan tí bàbá wọn ń ta wáìnì. Láti kékeré ni ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ti gbà á lọ́kàn. Ní ọdún 1904, kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà, bátìrì kan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni ó gbẹ́kẹ̀ lé pé yóò sọ òun di olówó.

Bátìrì náà kò sọ ọ́ di olówó. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí rí i pé àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tí òun ń wá kò sí lọ́jà New York. Lòun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Lewis Coggeshall, bá dá ilé iṣẹ́ Electro Importing Company sílẹ̀ lọ́dún 1905, wọ́n ń kó ọjà náà wá láti Yúróòpù. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gbé Telimco jáde, ẹ̀rọ kékeré méjì tí owó rẹ̀ kò tó dọ́là mẹ́wàá. Bí ọmọdé bá tẹ ọ̀kan nínú yàrá kan, agogo tó wà lára èkejì yóò dún nínú yàrá mìíràn, láìsí wáyà kankan láàárín wọn. Gernsback fúnra rẹ̀ máa ń ròyìn pé ọlọ́pàá kan wá bá àwọn ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí ẹnì kan ti fi ẹjọ́ sùn pé jìbìtì ni. Dandan ni kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kí agogo náà dún ṣojú rẹ̀.

Ní oṣù kẹrin, ọdún 1908, ó bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn Modern Electrics. Ọgbọ́n ajé wà nínú rẹ̀, kò sí àní-àní: ẹni tó ń ta aṣọ ló tún ń kọ́ni bí a ṣe ń rán an. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ gidi ló wà nínú ìwé náà, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló sì ti ibẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń to rédíò.

Ìjà dé. Àwọn ọmọ ogun ojú omi ń ráhùn pé àwọn ọmọdé wọ̀nyí ń da ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun rú lójú sánmà, wọ́n sì fẹ́ kí ìjọba lé wọn kúrò pátápátá. Gernsback kó àwọn òǹkàwé rẹ̀ jọ sínú ẹgbẹ́ lọ́dún 1909, ó sì ń gbèjà wọn nínú ìwé rẹ̀. Ọdún 1912, lẹ́yìn tí ọkọ̀ Titanic rì, ni òfin jáde. Wọn kò lé wọn, ṣùgbọ́n ìgbì tó kúrú, láti igba mítà sísàlẹ̀, tí gbogbo ayé rò pé kò wúlò, ni wọ́n jù sí wọn. Òun gan-an ni ìgbì tó ń rìn jìnnà jù! Nígbà tó fi máa di ọdún 1923, àwọn aláfẹ́ yìí ti ń bá ilẹ̀ Faransé sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ láti Amẹ́ríkà.

Ìwé ìròyìn mìíràn tẹ̀lé e: Electrical Experimenter lọ́dún 1913, níbi tí Nikola Tesla ti sọ ìtàn ayé rẹ̀ lọ́dún 1919, àti Radio News tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1919 kan náà, bí ìjọba ṣe ń ṣí òfin tí ogun fi de rédíò. Ní ọdún 1925 ó dá ilé iṣẹ́ rédíò WRNY sílẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń ta àwòrán sáfẹ́fẹ́ lọ́dún 1928, àwòrán tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju sítáǹpù lẹ́tà lọ. Ní ọdún 1926 ó gbé Amazing Stories jáde, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ tó jẹ́ ìtàn àròsọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì nìkan ló wà nínú rẹ̀.

Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Gbèsè ti pọ̀ nílẹ̀. Owó táṣẹ́rẹ́ ló ń san fún àwọn tó ń kọ ìtàn fún un, àwọn mìíràn kò sì rí tiwọn gbà àfi ìgbà tí wọ́n fi kóòtù halẹ̀. H. P. Lovecraft, òǹkọ̀wé pàtàkì, bínú dé ibi pé ó sọ ọ́ ní eku. Àbùkù ńlá lèyí jẹ́ fún ẹni tó ní òun fẹ́ràn ìmọ̀, nítorí àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Ní oṣù kejì, ọdún 1929, àwọn olówó gbé e lọ sí kóòtù, ilé iṣẹ́ náà wó, WRNY àti gbogbo ìwé ìròyìn rẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Oṣù díẹ̀ péré ló lò nílẹ̀. Kí ọdún náà tó dé ìdajì, ìwé ìtàn tuntun ti jáde. Nígbà tó di oṣù keje, Radio-Craft ti wà lórí àtẹ. Èyí ló yí orúkọ padà sí Radio-Electronics lọ́dún 1948. Láti ọdún 1953 ni àwọn olùfẹ́ ìtàn sáyẹ́ǹsì sì ti ń fi ẹ̀bùn tí wọ́n ń pè ní Hugo dá àwọn òǹkọ̀wé lọ́lá.

Gernsback kú ní New York lọ́jọ́ 19, oṣù kẹjọ, ọdún 1967, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tó pé ẹni ọdún 83. Wọn kò sin ín. Ó ti fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ọdún méje lẹ́yìn náà, ní oṣù keje, ọdún 1974, kọ̀ǹpútà Mark-8 ni Radio-Electronics gbé sí ẹ̀yìn ìwé, èyí tí òǹkàwé lè fúnra rẹ̀ tò nínú ilé. Wọn kò tà á ní pípé. Ìwé ìtọ́nisọ́nà ni wọ́n tà, kí olúkúlùkù sì wá àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ kiri fúnra rẹ̀.