SEYDOU KEÏTA, ONÍFỌ́TÒ ÌLÚ BAMAKO

Ṣé ẹ ti fara balẹ̀ wo fọ́tò àtijọ́ tó wà ní pálọ̀ ìyá àgbà yín rí? Bàbá á jókòó sórí àga, ìyá á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á gbé ọwọ́ lé e léjìká. Kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ lè rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé nìyẹn. Rárá o. Onífọ́tò ló tò wọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí mọ iṣẹ́ ìtò yẹn dáadáa.

Nǹkan bí ọdún 1921 ni wọ́n bí Seydou Keïta ní Bamako, ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Málì lónìí. Abẹ́ ìjọba Faransé ni ìlú náà wà nígbà yẹn. Seydou kò lọ sílé ìwé rárá. Kékeré ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ iṣẹ́ káfíńtà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ní 1935, arákùnrin bàbá rẹ̀ kan rìnrìn àjò lọ sí Sẹ̀nẹ̀gà, ó sì ra kámẹ́rà Kodak kékeré kan bọ̀ fún un. Bí ọ̀rọ̀ fọ́tò ṣe wọ̀ ọ́ lára nìyẹn. Mountaga Dembélé, tó ti ń ya fọ́tò ní Bamako ṣáájú rẹ̀, ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fọ fíìmù.

Ní 1948, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ lẹ́yìn ọgbà ẹ̀wọ̀n ìlú. Ibẹ̀ kò jìnnà sí ibùdókọ̀ rélùwéè, nítorí náà oníbàárà kò wọ́n ọn. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló fi ń ṣiṣẹ́. Fíìmù wọ́n, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì máa ń ya ẹnì kan. Torí bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣe àṣìṣe. Aṣọ tó fi ń bo ibùsùn ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ ta sẹ́yìn àwọn oníbàárà. Lẹ́yìn ọdún méjì mẹ́ta, á pààrọ̀ aṣọ ẹ̀yìn náà. Nígbà tó dàgbà, aṣọ yẹn ló fi ń dá ọdún tó ya fọ́tò kọ̀ọ̀kan mọ̀.

Ó ní kóòtù, táì, aago ọwọ́, gègé, rédíò àti fẹ́sípà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ lò ó. Ó lẹ àwọn fọ́tò kan mọ́ ògiri kí oníbàárà lè mú èyí tó wù ú. Nígbà tí tọkọtaya bá dé, òun ló ń fi bí wọ́n ṣe máa jókòó hàn wọ́n, ibi tí ọwọ́ máa wà, ibi tí ojú máa kọ sí. Kò sì fi gbogbo ìgbà ṣe é bí ayé ṣe ń retí. Ó ya ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ kóòtù funfun, tó di òdòdó kan ṣoṣo mú. Ó ya bàbá kan tó gbé ọmọ ọwọ́ mọ́ra. Ó ya obìnrin tó fi apá ti rédíò bí olówó ilé. Ṣé ẹ rí i? Ta ló sọ pé òdòdó kò yẹ ọkùnrin, tàbí pé ìyá nìkan ló ń gbé ọmọ?

Málì gba òmìnira ní 1960. Láìpẹ́ sí i, ìjọba ní kí ó wá ya fọ́tò fún àwọn, ó sì ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì ní 1977, ó gba iṣẹ́ títún ẹ́ńjìnnì ṣe. Àmọ́ kò da fíìmù rẹ̀ nù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló tọ́jú sínú àpótí.

Ní 1991, wọ́n pàtẹ díẹ̀ nínú fọ́tò rẹ̀ ní New York. Àwọn èèyàn ń wò ó, wọ́n ń yìn ín, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ Seydou níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ pé a kò mọ ẹni tó yà á. Bẹ́ẹ̀, ọkùnrin náà wà láàyè ní Bamako! André Magnin láti Faransé ló wá a lọ tó fi rí i. Ní 1994, wọ́n pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Paris, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ gbàngbà. Paris náà ló kú sí ní 2001.

Orúkọ Seydou padà wálé. Àmọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó yà kò lórúkọ lónìí. A kò mọ ẹni tí ọkùnrin olódòdó yẹn ń rò lọ́kàn nígbà tó di òdòdó mú, bẹ́ẹ̀ ni a kò mọ orúkọ ọmọ tí bàbá yẹn gbé. Ẹ̀yin ará Odògbólú, a máa ń ya fọ́tò gan-an bí Ojúde Ọba bá dé. Mélòó ni a kọ orúkọ sí? Bí ẹ bá délé lónìí, ẹ yọ fọ́tò orí ògiri yẹn, kí ẹ bi ìyá àgbà léèrè àwọn tó wà níbẹ̀, ọdún tí wọ́n yà á, àti ta ló ní kí ọwọ́ wà léjìká. Ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.