Olóyè Adékúnlé Ajásin àti Ilé-iṣẹ́ Ìgbèríko

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè. Òwe yìí ló ń wá sí mi lọ́kàn nígbàkígbà tí mo bá ro ìtàn Olóyè Michael Adékúnlé Ajásin, gómìnà àkọ́kọ́ tí ará ìlú dìbò yàn ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Olùkọ́ àti olóṣèlú ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ọ́n sí. Ìgbìyànjú rẹ̀ láti mú ilé-iṣẹ́ wọ àwọn ìlú kéékèèké ni èmi fẹ́ kí á yẹ̀ wò.

Ìlú Ọ̀wọ̀ ni a bí i sí ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 1908. Ó kàwé ní St. Andrew's College, Ọ̀yọ́, láti 1924 dé 1927. Lẹ́yìn tó ti ṣe olùkọ́ fún ọdún mélòó kan, ó lọ sí Fourah Bay College ní Sàró, ó gboyè níbẹ̀ ní 1946, ó sì kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1947 ó di ọ̀gá Imade College ní Ọ̀wọ̀. Ní 1963 ó dá Owo High School sílẹ̀. Òun ló kọ ìwé ètò ẹ̀kọ́ fún ẹgbẹ́ Action Group, èyí tó bí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1979, ó di gómìnà lábẹ́ ẹgbẹ́ UPN. Ìdàgbàsókè ìgbèríko jẹ́ ọ̀kan nínú ìlérí mẹ́rin tí ẹgbẹ́ náà ṣe, iṣẹ́ ńlá sì ni. Ọmọ Àkúrẹ́ ni mí. Mo máa ń rí ọkọ̀ tó ń kó àpò kòkó bọ̀ láti ọ̀nà Ọ̀dà. Àgbẹ̀ a sá a, a dì í sápò, ó parí. Èrè tó wà nínú kí á sọ kòkó di ṣokoléètì, ìlú mìíràn ló ń jẹ ẹ́. Olówó tó fẹ́ dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ a máa wo èbúté, ọ̀nà tó dára, iná mànàmáná àti ọjà. Èkó ní gbogbo rẹ̀. Kí ni yóò wá gbé e dé ìgbèríko?

Ohun tí Ajásin ṣe ni pé ó ní kí ìjọba ṣíwájú. Níbi tí ohun èlò bá wà, ibẹ̀ ni kí ilé-iṣẹ́ wà. Nítorí yanrìn tó dára fún gíláàsì, a kọ́ Oluwa Glass sí Igbókọ̀dá. Nítorí amọ̀, a kọ́ Ifon Ceramics sí Ìfọ́n. Ó fẹ́ kí ọmọ ìlú ríṣẹ́ ṣe nílé, kí ó má baà di dandan kí wọ́n sá lọ sí Èkó.

Ṣùgbọ́n àkókò kò rọgbọ. Owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, owó tó ń ti Èkó wá fún àwọn ìpínlẹ̀ sì dín kù. Ìbò 1983 dá ìjà sílẹ̀: a kéde igbákejì rẹ̀ tẹ́lẹ̀, Akin Ọmọ́bóríowó, pé ó wọlé; ẹ̀mí àti dúkìá ṣòfò kí ilé ẹjọ́ tó dá ipò padà fún Ajásin. Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn tí sáà kejì bẹ̀rẹ̀, àwọn ológun gbàjọba. Wọ́n tì í mọ́lé títí di 1985. Lẹ́yìn náà, ó ṣe olórí ẹgbẹ́ NADECO tó ń jà fún ìjọba alágbádá. Ó kú ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 1997. Yunifásítì tó wà ní Àkùngbá-Àkókó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ méjèèjì tí mo dárúkọ ti ilẹ̀kùn wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn kan ní èyí fi hàn pé àṣìṣe ni láti gbé wọn lọ sí ìgbèríko. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ibi tí Ajásin gbé wọn sí tọ́. Gbígbára lé owó ìjọba ló mú wọn rọ, nítorí ìjọba kan kì í sábà tọ́jú ọmọ tí ìjọba mìíràn bí. Ọwọ́ ìjọba gùn tó láti la ọ̀nà, kí ó sì fa iná. Ọwọ́ oníṣòwò tó ti owó ara rẹ̀ bọ̀ ọ́ ló lè wọ inú akèrègbè, kí ó máa ṣọ́ èrè àti àdánù lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kí ará ìlú náà ní ìpín tiwọn níbẹ̀, kí wọ́n lè pè é ní tiwa.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, yanrìn kò tán ní Igbókọ̀dá, kòkó kò tán ní Ọ̀dà. Ajásin ti fi ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ hàn wá. Ó kù sí ọwọ́ wa láti wá àwọn tí yóò bá wa gbé e.