Battista Farina, Gbajúmọ̀ Oníṣẹ́-Ọnà Ọkọ̀

Ní àríwá ilẹ̀ Ítálì, ní ẹkùn Piedmont tí ìlú Turin wà, ni a bí Battista Farina ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá ọdún 1893. Ọmọ kẹwàá ni nínú ọmọ mọ́kànlá tí àwọn òbí rẹ̀ bí. Nítorí pé ó kéré láàárín àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n fún un ní ìnagijẹ kan nínú ẹ̀ka-èdè àdúgbò wọn, èyí ni Pinin, tí ó túmọ̀ sí Kékeré. Kò sí ẹni tí ó lè mọ̀ nígbà náà pé orúkọ tí a fi ń ṣeré pe ọmọdé yìí ni gbogbo ayé yóò máa kà lára ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ́jọ́ iwájú.

Pinin kò tíì pé ọmọ ọdún 13 nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Giovanni, ẹni tí ó ní ilé-iṣẹ́ tí a ti ń kan bọ́dì ọkọ̀. Ní ayé ìgbà náà, ilé-iṣẹ́ ńlá a máa ṣe ẹ́ńjìnnì, táyà, àti irin ìsàlẹ̀ tí ó gbé ọkọ̀ ró. Ẹni tí ó bá sì ní owó lọ́wọ́ a máa gbé egungun ọkọ̀ yìí lọ sọ́dọ̀ àwọn tí yóò fi ara bò ó. Àwọn wọ̀nyí a kọ́kọ́ gbẹ́ igi bí wọ́n ti fẹ́ kí ọkọ̀ náà rí, lẹ́yìn náà ni wọn a fi òòlù lu irin pẹlẹbẹ lé e lórí, díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi tẹ̀, tí yóò sì dán. Iṣẹ́ tí ó gba sùúrù ni, ojú ni a sì fi ń mọ ibi tí ó ti wọ́.

Ojú Pinin mú fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò tíì pé ogún ọdún nígbà tí ilé-iṣẹ́ Fiat ń wá àwòrán iwájú ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n pè ní Fiat Zero, níbi tí rédíétọ̀ rẹ̀ wà. Giovanni Agnelli, ọ̀gá Fiat, wo èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ yà, ó wo ti Pinin, ti Pinin ni ó sì mú. Ní ọdún 1920 ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ sí Amẹ́ríkà láti wo bí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ ní ọ̀pọ̀ yanturu. Henry Ford fúnra rẹ̀ fi iṣẹ́ lọ̀ ọ́. Iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ìbá dọ̀bálẹ̀ gbà ni, ṣùgbọ́n Pinin kọ̀ ọ́, ó padà sí Turin. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1930, ó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Vincenzo Lancia, tí òun náà ń ṣe ọkọ̀, wà lára àwọn tí ó ràn án lọ́wọ́.

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà ni Ogun Àgbáyé Kejì dé. Ilẹ̀ Ítálì gbè sẹ́yìn Jámánì, bọ́ǹbù ba ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ jẹ́ ní Turin, nígbà tí ogun sì parí, ojú tì wọ́n láàárín àwọn orílẹ̀-èdè. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1946, wọ́n ṣí ìpàtẹ ọkọ̀ ńlá kan ní Paris, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn ogun. Wọn kò gba àwọn ará Ítálì láyè láti pàtẹ ọkọ̀ wọn, nítorí pé ọ̀tá àná ni wọ́n.

Ẹlòmíràn ìbá jókòó sílé kí ó máa ráhùn. Pinin pe ọmọ rẹ̀ Sergio, tí ó jẹ́ ẹni ogún ọdún. Wọ́n wa ọkọ̀ méjì, Alfa Romeo kan àti Lancia kan, láti Turin títí dé Paris. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà, wọn kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Iwájú Grand Palais gan-an, ilé tí ìpàtẹ náà wà, ni wọ́n gbé ọkọ̀ wọn kalẹ̀ sí. Kò pẹ́ tí èrò fi pé lé wọn lórí. Àwọn tí ó wá wo ọkọ̀ tí ó wà nínú ilé ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láti wo èyí tí a kò gbà wọlé.

Ní ọdún 1947 ó ṣe ọkọ̀ kan tí a ń pè ní Cisitalia 202. Ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó ti wà ṣáájú, imú dá dúró, ìbòrí táyà dá dúró, iná sì yọ síta bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Pinin so gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ara kan ṣoṣo, kò sì fi ọ̀ṣọ́ tí kò wúlò kún un. Ní ọdún 1951, Ilé Àkójọ Iṣẹ́-Ọnà Ìgbàlódé ní New York pàtẹ ọkọ̀ mẹ́jọ bí ẹni pàtẹ ère, Cisitalia sì wà lára wọn. Irú ọlá yìí kò ṣàjèjì sí ọmọ Èkìtì. Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀, àgbà agbẹ́gilére, gbẹ́ fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ ti lọ sí ìpàtẹ ní London ní ọdún 1924, ó sì ti ibẹ̀ wọ British Museum. Igi ni ti Ọlọ́wẹ̀, irin ni ti Pinin. Ojú pípé àti ọwọ́ tí kò kánjú ni àwọn méjèèjì fi ṣiṣẹ́.

Enzo Ferrari, tí òkìkí ọkọ̀ eré rẹ̀ ń kàn nígbà náà, fẹ́ kí Pinin bá òun ṣiṣẹ́, Pinin náà sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Ferrari kò fẹ́ lọ bá a ní Turin, Pinin kò sì fẹ́ lọ bá Ferrari nílé rẹ̀. Níkẹyìn, wọ́n pàdé ní Tortona, ìlú kan tí ó wà láàárín méjì. Àwọn àgbà sọ pé àgbò méjì kì í mu omi nínú koto kan. Àgbò méjì yìí mu ún, ó sì dùn. Ní ọdún 1952 ni èso ìpàdé náà kọ́kọ́ jáde, Ferrari 212 tí a lè ká òrùlé rẹ̀ sẹ́yìn.

Irú ọkọ̀ tí a lè ká òrùlé rẹ̀ yìí ni ó mú kí orúkọ Pinin dé etí àwọn ọ̀dọ́ ní gbogbo ayé. Max Hoffman, tí ń ta ọkọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ní New York, rọ ilé-iṣẹ́ Alfa Romeo láti ṣe ọ̀kan tí kò tóbi fún àwọn oníbàárà òun. Pinin ni ó ṣe bọ́dì rẹ̀, ó sì jáde ní ọdún 1955: Giulietta Spider, oníjòókòó méjì, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tó lítà kan àbọ̀, tí òrùlé rẹ̀ sì jẹ́ aṣọ. Ní ọdún kan náà ni Lancia Aurelia Spider jáde, èyí tí wọn kò ṣe ju 240 lọ. Ẹwà wọn kò gba àìbìkítà. Omi òjò a máa sápamọ́ sí abẹ́ ilẹ̀kùn àti ìsàlẹ̀ ọkọ̀, irin ibẹ̀ a sì dípẹtà láìjẹ́ pé olówó rẹ̀ mọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kí tirẹ̀ pẹ́ kì í jẹ́ kí ó sùn níta, kì í ká aṣọ òrùlé rẹ̀ nígbà tí ó bá tutù, a máa pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lákòókò, a sì máa wà á lóòrèkóòrè kí ẹ́ńjìnnì má baà gan. Èyí tí a tọ́jú bẹ́ẹ̀ nínú wọn ti wá níye lórí ju ìgbà tí ó wà ní tuntun lọ.

Síbẹ̀, àwọn olówó nìkan kọ́ ni Pinin ṣiṣẹ́ fún. Ilé-iṣẹ́ Peugeot ti ilẹ̀ Faransé, orílẹ̀-èdè kan náà tí ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ní ọdún 1946, gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Peugeot 403 jáde ní ọdún 1955, 404 sì tẹ̀lé e ní ọdún 1960, ọkọ̀ tí àwọn awakọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gbẹ́kẹ̀ lé lójú ọ̀nà eléruku. Peugeot 504, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ yà, jáde ní ọdún 1968 lẹ́yìn ikú rẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kàdúná ní ọdún 1975. Ẹni tí ó bá ti wọ̀ ọ́ rí láti Ìrèlé-Èkìtì lọ sí Ìkọ̀lé tàbí sí Adó, iṣẹ́ ilé Pinin ni ó jókòó sínú rẹ̀, bí kò tilẹ̀ mọ̀.

Ní ọdún 1961 ìjọba Ítálì fi àṣẹ sí i pé kí ó so ìnagijẹ rẹ̀ mọ́ orúkọ ìdílé rẹ̀. Farina sì di Pininfarina fún òun àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ní ọdún náà ni ó fa iṣẹ́ lé Sergio àti àna rẹ̀, Renzo Carli, lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 1966, Alfa Romeo fi Spider tuntun hàn ní Geneva, ó sì wà lára iṣẹ́ ìkẹyìn tí Pinin fọwọ́ sí. Ó kú ní Lausanne ní ilẹ̀ Switzerland ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún náà, ẹni ọdún 72. Ó lé ní ọdún 25 lẹ́yìn náà kí wọ́n tó dẹ́kun ṣíṣe ọkọ̀ yẹn.

Báyìí ni ẹni tí a pè ní Kékeré ṣe sọ orúkọ náà di ńlá. Nígbà tí a ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, kò fi ẹnu ṣí i, kò sì fi ipá ṣí i. Ó gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, iṣẹ́ náà ni ó sì bá a sọ̀rọ̀.