Mo Tọrọ Àforíjì Lọ́wọ́ Thunder Balógun



Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, a ń jiyàn bọ́ọ̀lù ní kíláàsì, èmi ni mo sì pariwo jù. Mo ní ẹni tó gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 13 péré ní líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ló dé tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sọ odidi pápá ìṣeré ní Sùúrùlérè? Wọ́n ní kí n lọ kà nípa ẹ̀ ná. Mo ti kà á.

Ọmọ Èkó ni Teslim Balógun. Tó bá gbá bọ́ọ̀lù, bí ìgbà tí àrá sán ni, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní Thunder. Ó gba ife Challenge Cup nílé níbí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ní 1949, ó wà lára àwọn 18 tó wọ ọkọ̀ ojú omi láti Èkó lọ sí Liverpool láti lọ ṣojú Nàìjíríà. Ẹ gbọ́ o, ẹsẹ̀ lásán ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn fi gbá bọ́ọ̀lù! Àwọn òyìnbó wọ bàtà, tiwa ò wọ̀, síbẹ̀ wọ́n na ẹgbẹ́ Marine ní Crosby ní góòlù 5 sí 2. Èmi tí mo máa ń kígbe tí òkúta bá gún mi lẹ́sẹ̀.

Ó padà lọ ní 1955, sí Peterborough United. Ní 1956, QPR ní London gbà á. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọlé fún wọn ló ti jẹ góòlù. Sáà kan péré ló lò níbẹ̀: ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 13, góòlù 3, ó parí. Ohun tí mi ò rò nígbà tí mò ń pariwo ni pé ṣáájú ẹ̀, òdo ni. Kò tíì sí ọmọ Nàìjíríà kankan tó gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì yẹn rí.

Nígbà tó yá, ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ojú oorun ló kú sí, ní 30 July 1972. Ọdún 2007 ni wọ́n tó ṣí pápá tó ń jẹ́ orúkọ ẹ̀.

Lánàá, mo bi kọ̀ndọ́ tó ń pe Stadium bóyá ó mọ ẹni tí Teslim Balógun í ṣe. Ó ní ológun ayé àtijọ́ kan ni. Mo ń ṣàlàyé fún un títí a fi dé Ojúẹlẹ́gbà.