Bokassa: Ṣọ́jà Tó Fi Ẹ̀sìn Ṣe Aṣọ Ìgbà

Bí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ wa pé Ọlọ́hun ló ń fúnni ní ìjọba, tí Òun náà sì ń gbà á, ó yẹ ká sọ ìtàn Jean-Bédel Bokassa fún wọn.

Ọdún 1921 ni wọ́n bí i ní Bobangui, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Central African Republic lónìí. Ní 1927, lábẹ́ ìjọba amúnisìn Faransé, wọ́n lu bàbá rẹ̀ pa. Láìpẹ́ sí i, ìyá rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀.

Ní 1939, ó wọ iṣẹ́ ológun Faransé. Ó jà nínú Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì tún jà ní Indochina. Lẹ́yìn òmìnira, ó di olórí ọmọ ogun ilẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ọdún 1965 ń parí lọ, ó fipá gba ìjọba lọ́wọ́ David Dacko, ìbátan rẹ̀.

Ibi tó kan àwa Mùsùlùmí nìyí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1976, nígbà tó ń wá owó lọ́dọ̀ Gaddafi ti Líbíyà, ó gba Ìsìláàmù, ó sì ń jẹ́ Salah Eddine Ahmed. Kò pé oṣù mẹ́ta tó fi padà sí ìjọ Kátólíìkì, tó sì sọ ara rẹ̀ di olú-ọba. Ìwúyè rẹ̀ ní Bangui, ní oṣù kejìlá ọdún 1977, ná ìlú tálákà náà ní nǹkan bí mílíọ̀nù 20 dọ́là.

Ní 1979, àwọn ọmọ iléèwé fẹ̀hónú hàn nítorí aṣọ iléèwé ọ̀wọ́n tí wọ́n ní dandan ni kí wọ́n rà. Wọ́n kó wọn sí ẹ̀wọ̀n Ngaragba, nǹkan bí 100 ọmọ sì kú. Ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí Bokassa wà ní Líbíyà, àwọn ọmọ ogun Faransé wọ Bangui, wọ́n sì dá Dacko padà sórí oyè.

Ó padà wálé ní 1986, ilé ẹjọ́ sì dájọ́ ikú fún un, kí wọ́n tó yí i padà sí ẹ̀wọ̀n. Wọ́n tú u sílẹ̀ ní 1993. Ó kú ní 1996.

Ọmọ tí àwọn alágbára sọ di òrukàn ni, síbẹ̀ ó sọ òbí ẹlòmíràn di ẹni tó ń sunkún ọmọ. Ẹ̀sìn tí a bá wọ̀ bí aṣọ kì í dé ọkàn. Kí Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́ ká fi ẹ̀sìn ṣòwò. Àmín.