Olóògbé Dókítà Ògúntọ́lá Sàpàrà, ẹni tí ó bá Ìgbóná jà

Freetown ni a bí i sí ní 1861, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni bàbá rẹ̀. Ní 1895 ó gba ìwé-ẹ̀rí oníṣègùn ní ìlú ọba, lẹ́yìn èyí ó wọ iṣẹ́ ìjọba ní Èkó.

Ẹ̀yin ọmọ Ìwó nílé lóko, ẹ kò ṣàì gbọ́ bí àwọn bàbá wa ti bẹ̀rù Ilẹ̀-gbígbóná tó, tí wọn kì í fẹ́ pe orúkọ rẹ̀. Àwọn àwòrò rẹ̀ ni ń sin òkú, àwọn náà ni ń kó ẹrù òkú lọ. Sàpàrà fura. Ó wọ ẹgbẹ́ wọn ní bòókẹ́lẹ́, ó sì ròyìn pé èépá ara aláìsàn ni àwọn kan fi ń tan àrùn náà kálẹ̀. Ìjọba fi òfin de ìsìn náà. A kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìmùlẹ̀ nílẹ̀ wa. Síbẹ̀, ní tèmi, ẹ̀mí ènìyàn ju ìmùlẹ̀ lọ.

Àwọn àgbà ti mọ̀ pé ẹni tí ó bá la ìgbóná já kì í sábà ṣe é mọ́, nítorí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti mọ ojú ọ̀tá. Àjẹsára kọ́ ara ní ẹ̀kọ́ kan náà: kòkòrò tí ó jẹ́ ìbátan ti ìgbóná, ṣùgbọ́n tí kò le tó o, ni a máa ń sín sí apá nígbà tí ìgbóná ṣì wà.

Sàpàrà kú ní 1935. Ní 1970 ni a rí ìgbóná kẹ́yìn ní Nàìjíríà. Ní 1980 ni a kéde pé ó ti tán láyé.