Ìtàn J. P. L. Davies, Aṣáájú Àgbẹ̀ Kòkó ní Ilẹ̀ Èkó

Nígbàkúùgbà tí a bá ń ka orúkọ àwọn tí owó wọn ṣe ìrànlọ́wọ́ láti kọ́ ilé Ọlọ́run ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn àgbẹ̀ kòkó kò ní ṣaláì sí nínú wọn. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó tọ́ kí a sọ díẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa nípa ọkùnrin kan tí ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ọ̀nà iṣẹ́ yìí han àwọn ènìyàn wa.

Ilẹ̀ Sàró ni a gbé bí James Pinson Labulo Davies ní ọdún 1828. Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀, wọ́n sì wà lára àwọn tí a gbà kúrò lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Ó kàwé ní Grammar School ti C.M.S. ní Freetown, lẹ́yìn èyí ni ó wọ iṣẹ́ ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1856 ó fi Èkó ṣe ibùgbé, ó sì di oníṣòwò pàtàkì. Nígbà tí Alùfáà T. B. Macaulay fẹ́ dá Grammar School ti Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1859, Davies ni ó fún un ní £50 láti fi ra ìwé àti ohun èlò. Ní ọdún 1862 ó gbé Sarah Forbes Bonetta, ẹni tí Ọbabìnrin Victoria ṣe alágbàtọ́ rẹ̀, ní ìyàwó ní Brighton.

Ṣùgbọ́n ayé kì í dúró sójú kan. Láàrin àwọn ọdún 1870 òwò rẹ̀ wó lulẹ̀, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ní ọdún 1880 aya rẹ̀ kú ní erékùṣù Madeira. Ẹni tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni Davies nígbà náà; síbẹ̀ kò káwọ́ gbera. Ó kọjú sí oko rẹ̀ ní Ìjọ̀n, ní ìwọ̀-oòrùn Èkó, ó sì mọ òpó ìrántí fún aya rẹ̀ síbẹ̀. Ní ọdún 1879 àti 1880 ni ó rí irúgbìn kòkó gbà láti Fernando Po àti láti inú ọkọ̀ kan tí ó ti Brazil wá.

Kí a má ṣe rò pé ohun kékeré ni èyí. Àṣà àwọn baba wa ni láti ṣán igbó, kí wọ́n sun ún, kí wọ́n gbin iṣu àti àgbàdo fún ọdún díẹ̀, kí wọ́n sì fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ kí ó sinmi. Kòkó kò gba irú èyí. Ojú kan ni ó ń wà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ń tó bí ọdún márùn-ún kí ó tó so dáadáa. Kí ni àgbẹ̀ yóò máa jẹ kí ó tó dìgbà náà? Oko àtijọ́ ni ó dáhùn: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò tí a gbìn sáàárín ń ṣíji bo ọmọ igi kòkó, wọ́n sì ń bọ́ ilé àgbẹ̀. Ọkọ́ àti àdá kò yí padà. Ohun tí a ní láti kọ́ ni bí a ṣe ń fi ewé bo èso inú rẹ̀ kí ó kan, kí a tó sá a sí oòrùn.

J. K. Coker àti àwọn mìíràn ní Agége tẹ̀lé ipasẹ̀ Davies, wọ́n sì dá Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀ Agége sílẹ̀ ní ọdún 1907. Àwọn alágbàṣe tí ó ti òkè wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gbé irúgbìn àti ìmọ̀ náà padà sí ìlú wọn.

Ìyípadà náà kò ṣàìní ìnira tirẹ̀. Ilẹ̀ tí ó máa ń padà sọ́wọ́ ẹbí di èyí tí igi ẹnìkan dúró lé lórí títí, èyí sì dá ẹjọ́ sílẹ̀ láàrin àwọn ọmọ ìyá.

Davies kú ní ọdún 1906. A kọ́ lára rẹ̀ pé ẹni tí ó fẹ́ gba ohun titun kò ní láti kọ̀ ti baba rẹ̀ sílẹ̀. Abẹ́ òjìji ọ̀gẹ̀dẹ̀ àtijọ́ ni kòkó ti dàgbà. Kí àwa tí a ń fẹ́ àtúnṣe sí iṣẹ́ oko lóde òní má ṣe gbàgbé èyí.